Ẹjọ́ ẹ́ńjìnnì Amẹ́ríkà: ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ ká tú ẹ́ńjìnnì yẹn wò

Màmá, ẹ kú ìdààmú, ẹ kú àdánù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ yín kí n tó dáhùn, torí mo mọ bó ṣe máa ń rí kí mọ́tò téèyàn fi ń jẹun kú sójú ọ̀nà pẹ̀lú àpò gàrí lórí ẹ̀, kí ilẹ̀ sì máa ṣú lọ. Kí àwọn tó kù lè mọ ibi tọ́rọ̀ ti wá, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Màmá ń ta gàrí ní Kétu. Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn wọ́n ra mọ́tò occasion kan, èyí tẹ́lòmíì ti lò, tó ti Amẹ́ríkà dé, ní parc kan tí wọ́n ti ń ta mọ́tò ní Kútọnu, 3,200,000 fáráǹkì, ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ló ń wà á lọ Pobè, Sakété, títí dé Àjàṣẹ́. Lóṣù tó kọjá, bó ṣe ń padà bọ̀, ó gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń dún kọ́-kọ́-kọ́, iná pupa ọ́ìlì tàn, ó ní òun á rọra wà á délé, kò sì délé, ẹ́ńjìnnì gan. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn ni ẹnì kan tí wọn ò mọ̀ rí kọ sí wọn lórí WhatsApp pé òun ń bá àwọn lọ́yà Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́, pé wọ́n ti pe àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì lẹ́jọ́, pé gbogbo mọ́tò tó bá ti Amẹ́ríkà wá ló wà nínú ẹjọ́ náà, 3,000 dọ́là ló kan Màmá, kí wọ́n sáà fi 35,000 ránṣẹ́ fún dossier. Àbúrò wọn ọkùnrin ní irọ́ ni, pé gbogbo irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ àwọn lọ́yà ló ń jẹ ẹ́, kò sẹ́ni tó rí nǹkan gbà níbẹ̀ rí. Màmá wá ń béèrè pé ta ló tọ́, ṣé káwọn sanwó tàbí káwọn fi í sílẹ̀.

Lórí owó yẹn, ìdáhùn mi ò gùn. Ẹ má san án. 35,000 o, 5,000 o, ẹ má san nǹkan kan, ẹ má sì fi fọ́tò carte grise (ìwé mọ́tò) tàbí CIP (ìwé ìdánimọ̀) yín ránṣẹ́ sí i. Ní ti àbúrò yín, ó ṣeun tó ní kí ẹ ṣọ́ra, àmọ́ kì í ṣe irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wà, àwọn kan sì ti rí nǹkan gidi gbà níbẹ̀. Kò kàn dé ọ̀dọ̀ wa níbí ni. Ohun tó dé ọ̀dọ̀ wa ni àṣírí tí ẹjọ́ náà tú síta, ọ̀fẹ́ sì ni, òun ló sì máa wúlò fún yín ju 3,000 dọ́là tí wọ́n fi ń tàn yín lọ.

Láti 1998 ni mo ti ń tú ẹ́ńjìnnì ní Àjàṣẹ́, àtìgbà tí mọ́tò Amẹ́ríkà sì ti kún parc ni mo ti ń ka ìwé rappel wọn, ìwé tí iléeṣẹ́ fi ń pe mọ́tò padà fún àtúnṣe, torí mo rí i pé àìsàn tó ń pa mọ́tò níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, àwọn ará ọ̀hún ti kọ ọ́ sílẹ̀ tipẹ́.

Bí ẹjọ́ àjọpè ṣe ń lọ rèé. Ẹ jẹ́ ká ní 100,000 èèyàn ra irú mọ́tò kan náà, àbùkù kan náà sì wà nínú ẹ́ńjìnnì gbogbo wọn. Tí kálukú bá ní òun fẹ́ dá pe tòun, owó lọ́yà á ju owó ẹ́ńjìnnì lọ, wọ́n á kàn káwọ́ gbera ni, iléeṣẹ́ náà á sì lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin wọn tí wọ́n ń pè ní Rule 23 wá gbà kí èèyàn bíi mélòó kan pe ẹjọ́ lórúkọ gbogbo wọn. Tí adájọ́ bá ti fọwọ́ sí i, gbogbo ẹni tó ra mọ́tò náà ti wà nínú ẹ̀ nìyẹn, àfi ẹni tó bá kọ̀wé pé òun ò sí níbẹ̀. Ẹ gbọ́ ibi yìí dáadáa Màmá, ẹni tó fẹ́ jáde ló ń kọ̀wé, ẹni tó wà níbẹ̀ kì í san owó ìwọlé. Lọ́yà ò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn ṣáájú, ìgbà tí ẹjọ́ bá yọrí sí rere ladájọ́ máa sọ iye tó kàn án, ní ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ wọn lápá California, ìdá kan nínú mẹ́rin owó àdéhùn ni wọ́n máa fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Torí náà ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sanwó kí wọ́n tó fi yín sí ẹjọ́ àjọpè, kì í ṣe lọ́yà ló rán an.

Èyí tí ariwo ẹ̀ pọ̀ jù nínú ẹjọ́ ẹ́ńjìnnì ni ti Theta II, ẹ́ńjìnnì kan tí Hyundai àti Kia ń lò. Mi ò sọ pé òun ló wà nínú mọ́tò yín o. Ẹ ò sọ irú mọ́tò tẹ́ ẹ rà, ká tiẹ̀ ní ẹ sọ ọ́, kò sẹ́ni tó tíì tú ẹ́ńjìnnì yẹn, a ò sì lè di ẹ̀sùn ru iléeṣẹ́ kankan lórí ohun tójú wa ò tíì rí. Àpẹẹrẹ ni mo fi ń ṣe torí ó yéni.

Inú ẹ́ńjìnnì, irin gbọọrọ kan wà tó ń yí, òun là ń pè ní vilebrequin ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn irin kan tí à ń pè ní bielle ló so mọ́ ọn, àwọn ló ń ta á bó ṣe ń yí. Láàárín bielle àti vilebrequin ni coussinet wà, irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín kan tó rí bí ìdajì òrùka. Irin méjèèjì ò gbọdọ̀ fara kanra, ọ́ìlì ló gbọ́dọ̀ máa là wọ́n níjà nígbà gbogbo, ihò kéékèèké tí wọ́n lu sínú vilebrequin lọ́ìlì ọ̀hún sì ń gbà kọjá. Ní iléeṣẹ́ wọn ní Alabama, nígbà tí wọ́n ń ṣe vilebrequin wọ̀nyẹn, èérún irin ṣẹ́kù sínú ẹ̀, wọn ò fọ̀ ọ́ kúrò tán. Èérún yẹn ló ń dí ọ́ìlì lọ́nà. Coussinet á gbóná, á máa jẹ díẹ̀díẹ̀, kọ́-kọ́-kọ́ á bẹ̀rẹ̀, lọ́jọ́ kan ẹ́ńjìnnì á gan, nígbà míì bielle á já, á lu ara ẹ́ńjìnnì jáde, iná sì lè sọ. Oṣù kẹsàn-án 2015 ni Hyundai pe nǹkan bíi 470,000 Sonata ti 2011 àti 2012 padà fún àtúnṣe, nígbà tó di 2017, àtòun àti Kia tún pe nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àti 200,000 mọ́tò míì.

Ẹnì kan wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn tí mo máa ń sọ ìtàn ẹ̀ fáwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Kim Gwang-ho lorúkọ ẹ̀, ẹnjiníà Hyundai ni fún ọdún tó lé ní ogún. Ó rí i pé ohun tí iléeṣẹ́ mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì náà pọ̀ ju ohun tí wọ́n ń sọ síta lọ. Lọ́dún 2016, ó kó ìwé ọwọ́ ẹ̀ ó di ọ̀dọ̀ NHTSA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ààbò mọ́tò. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ torí ẹ̀. Oṣù kọkànlá 2020 ni NHTSA bu owó ìtanràn lé iléeṣẹ́ méjèèjì, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 210 mílíọ̀nù dọ́là, pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó pe àwọn mọ́tò náà padà àti pé ìròyìn tí wọ́n fún ìjọba ò péye. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fún Kim ní owó tó lé ní 24 mílíọ̀nù dọ́là fún ìjẹ́rìí tó jẹ́. Ọkùnrin yẹn sọ òótọ́ nígbà tí òótọ́ ń ná an níṣẹ́, orí mi máa ń wú tí mo bá ń sọ ọ́.

Àwọn tó ni mọ́tò náà pe ẹjọ́ àjọpè tiwọn ní California, ilé ẹjọ́ sì fọwọ́ sí àdéhùn lọ́dún 2021. Ohun tí wọ́n rí gbà ni pé inú ẹ́ńjìnnì náà wà lábẹ́ gàráńtì níwọ̀n ìgbà tí mọ́tò náà bá ṣì wà, kódà fún ẹni tó rà á lọ́wọ́ ẹlòmíì, wọ́n sì dá owó padà fáwọn tó ti fi owó ara wọn tún un ṣe tí ìwé ẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Iléeṣẹ́ náà ò gbà pé òun jẹ̀bi o, àdéhùn ni. Àmọ́ tí wọ́n bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, Màmá, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ti Volkswagen náà wà, àwọn mọ́tò diesel tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà parọ́ èéfín fún. Àdéhùn ti 2016 kan nǹkan bíi 475,000 mọ́tò, iléeṣẹ́ náà ra mọ́tò padà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́, ó sì tún fi 5,100 dọ́là ó kéré tán lé e.

Ibi tí àbúrò yín ti jàre nìyí: ọ̀pọ̀ irú ẹjọ́ yìí, èèyàn tó wà nínú ẹ̀ kì í rí nǹkan kan gbà. FTC, iléeṣẹ́ ìjọba wọn tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, ṣe ìwádìí lé e lọ́dún 2019. Níbi tí wọ́n bá ti ní káwọn èèyàn wá kọ fọ́ọ̀mù kí wọ́n tó gba owó, bí ẹ bá to àwọn ẹjọ́ náà látorí èyí tó kéré jù, èyí tó bọ́ sáàárín gan-an, èèyàn 9 nínú 100 ló kọ fọ́ọ̀mù. Tẹ́ ẹ bá wá da gbogbo èèyàn pọ̀ mọ́ra, 4 nínú 100 ni. Àwọn tó kù gba lẹ́tà, wọ́n rò pé ìpolówó ọjà ni, wọ́n sọ ọ́ nù. Lọ́yà gba tiẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Torí náà mi ò bá àbúrò yín jà, ìfura ẹ̀ nídìí, ó kàn nà án kọjá ibi tó yẹ ni.

Kí ló dé tí kò fi kàn wá? Àdéhùn Theta yẹn, àwọn tó ra mọ́tò tàbí tó yá a lò ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló wà fún, ọ̀dọ̀ àwọn concessionnaire, àwọn tó ń bá iléeṣẹ́ ta mọ́tò, tó wà lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń ṣe àtúnṣe ẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n dá fún ẹni tó fẹ́ gba owó àtúnṣe àtijọ́ sì ti kọjá. Mọ́tò tiwa, wọ́n ti tà á ní gbàǹjo, wọ́n ti kó o wọ ọkọ̀ ojú omi, ó ti sọ̀ ní Kútọnu, a ti gba carte grise Bẹ̀nẹ̀ fún un. Inú mi ò dùn sí i o, torí ẹ́ńjìnnì kan náà ni, ikú kan náà ló ń kú, ìyá tó ń ta gàrí ní Kétu sì nílò ẹ́ńjìnnì tó dáa bíi ti ẹni tó wà ní Alabama. Àmọ́ bí òfin ṣe rí nìyẹn, ẹni tó bá sọ ohun míì fún yín ń fẹ́ owó yín ni.

Mo mọ bàbá kan níbí, oníbàárà mi ni, ẹ́ńjìnnì mọ́tò ẹ̀ kú, ẹnì kan fi irú ọ̀rọ̀ yìí lọ̀ ọ́. 40,000 ló kọ́kọ́ san. Wọ́n ní ó ku owó ìtumọ̀ ìwé, ó san án. Wọ́n ní ó ku owó legalisation, ó san án. Ìgbà tó fi wá sọ fún mi, owó tó ti kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ ti tó ra coussinet tuntun pẹ̀lú owó tourneur tó ń gbẹ́ irin. Ó jókòó sórí táyà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, fóònù wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń fi hàn mí bí ẹni náà ṣe ń kọ "mon père" sí i nínú gbogbo ọ̀rọ̀. Àwọn gayman, oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, mọ̀ pé ọjọ́ tí mọ́tò èèyàn bá kú lèèyàn máa ń gba ohun tí kì í gbà gbọ́. Ẹ má pa àwọn ọ̀rọ̀ WhatsApp yẹn rẹ́, ẹ fi nọ́ńbà náà pamọ́, kí ọmọ yín kan bá yín mú un lọ sí commissariat tàbí kó fi tó CNIN létí, àwọn ló ń bójú tó jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì nílẹ̀ wa.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí mọ́tò, torí òun ló jẹ mí lógún. Ẹ sọ pé mẹkáníìkì yín ní Kétu ní kẹ́ ẹ tètè ra ẹ́ńjìnnì occasion míì, kó yọ èyí, kó gbé ìyẹn sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rà. A ò mọ ohun tó pa èyí. Tó bá jẹ́ pé àìsí ọ́ìlì ló pa á, tí ẹ ò sì mọ̀, ẹ́ńjìnnì kejì náà á kú bákan náà. Mọ́tò Camry 2007 sí 2009 pọ̀ ní Àjàṣẹ́ níbí, ẹ́ńjìnnì 2.4 tó wà nínú wọn máa ń mu ọ́ìlì torí àwọn segment, òrùka irin tó wà lára piston wọn, Toyota fúnra ẹ̀ gbà á, ó fi kún gàráńtì fáwọn tó wà ní Amẹ́ríkà. Níbí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fa jauge, irin tá a fi ń wo iye ọ́ìlì, wò láti vidange (pípààrọ̀ ọ́ìlì) kan sí ìkejì, ọ́ìlì á ti tán nínú ẹ̀ pátá, ó tún wá ń ké kọ́-kọ́-kọ́ bí ẹni tó ní àbùkù iléeṣẹ́. Kpayo, epo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tí wọ́n pò pọ̀ mọ́ nǹkan míì náà ń ṣe tiẹ̀. Kí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín má bínú, àmọ́ ẹ bi í pé ìgbà wo ló fa jauge wò kẹ́yìn, kó sọ òótọ́. Iná pupa ọ́ìlì yẹn náà, tó bá ti tàn, ẹ kúrò lójú ọ̀nà kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, kò sí "màá rọra wà á", ìṣẹ́jú mélòó kan ti tó láti sọ coussinet tó kàn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ di vilebrequin tó bàjẹ́ pátápátá.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Kẹ́nikẹ́ni má da ọ́ìlì inú ẹ̀ nù. Kí wọ́n fa jauge, kí wọ́n ya fọ́tò ibi tí ọ́ìlì dé. Kí wọ́n wá ṣí i sínú báàsì funfun tó mọ́, kí wọ́n fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, kí wọ́n sì gbé aṣọ yẹn sínú oòrùn. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣe irú ẹ̀ fún oníṣòwò kan ní Wàǹdó. Bí mo ṣe yí aṣọ síbí sọ́hùn-ún ló ń dán bí atíkè tí wọ́n fi wúrà pò, gbogbo ẹ̀ coussinet tó ti lọ̀ kúnná. Mo fi òòfà kàn án, díẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ ọn, èyí tó pọ̀ ò lẹ̀, mo ti mọ̀ nìyẹn, torí ojú coussinet tó ń jẹ kì í lẹ̀ mọ́ òòfà, èyí tó bá lẹ̀, irin ẹ̀yìn coussinet, ti vilebrequin tàbí ti ibòmíì ni. A yọ carter, abọ́ ọ́ìlì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, a tú bielle kẹta, coussinet ìsàlẹ̀ ti fẹ́lẹ́ bíi páálí, ìdajì ẹ̀ ti gun orí ìdajì kejì. Àwọn mẹ́ta tó kù ṣì ń dán. Ẹ wo ìyẹn dáadáa. Tó bá jẹ́ pé ọ́ìlì ló tán, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe ìkan ṣoṣo ló máa ń jẹ. Ìkan ṣoṣo ló jẹ, ó jọ pé nǹkan ti dí ihò ọ́ìlì ìkan yẹn.

Nípa ìwé mọ́tò, nọ́ńbà chassis wà lára gíláàsì iwájú lápá òsì, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Ìkẹwàá ẹ̀ ló ń sọ ọdún ẹ̀: B ni 2011, C ni 2012, D ni 2013, E ni 2014. Ẹ fi gbogbo 17 náà sórí nhtsa.gov níbi tí wọ́n kọ recalls sí, ẹ ò ní san nǹkan kan, á sọ fún yín bóyá rappel kan wà tí wọn ò tíì ṣe lórí mọ́tò yẹn kó tó kúrò ní Amẹ́ríkà. Ọ̀nà kan náà yẹn lẹ lè gbà wo èyí tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ rà kẹ́ ẹ tó sanwó. Ọ̀pọ̀ èèyàn á wo kíkùn mọ́tò, wọ́n á wo ìjókòó, wọ́n á gbọ́ climatisation, wọn ò ní wo nọ́ńbà tó ń sọ ìtàn ẹ̀.

Ẹni tó tà á fún yín ńkọ́? Òun lẹjọ́ yín kàn, tí ẹjọ́ bá máa wà. Code civil tó wà nílẹ̀ wa, article 1641, sọ pé ẹni tó tajà ló ni ẹ̀bi àbùkù tó fara pamọ́ sínú ọjà tí kò jẹ́ kó ṣeé lò, vice caché nìyẹn. Article 1643 sọ pé bí kò tiẹ̀ mọ̀ nípa ẹ̀, ẹ̀bi ẹ̀ ni, àfi tó bá ti sọ ọ́ nígbà tó ń tà á pé òun ò fún yín ní gàráńtì kankan. Ẹ lọ wo ìwé tí wọ́n fún yín ní parc, ṣé ẹ rí "vendu en l'état" tàbí "sans garantie" lára ẹ̀. Tí kò bá sí, ọwọ́ yín le. Tó bá wà, ó nira, mi ò ní tàn yín. Article 1648 tún ní kí ẹ gbé ẹjọ́ náà dìde láìpẹ́, kò sọ iye oṣù, adájọ́ ló ń wò ó, ẹ má jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí i lọ́sẹ̀ yìí, ní ẹ̀dà méjì, kó fọwọ́ sí ẹ̀dà yín, ẹ sọ ọjọ́ tí wọ́n máa tú ẹ́ńjìnnì náà, ẹ ní kó wá tàbí kó rán mẹkáníìkì tiẹ̀ wá. Tí owó bá wà, ẹ pe huissier, òṣìṣẹ́ òfin tó ń kọ ẹ̀rí sílẹ̀, kó wá kọ ohun tó bá rí. Tí wọ́n bá ti tú ẹ́ńjìnnì tán lẹ́yìn ẹ̀, á ní ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́. Yóò sì béèrè ọ̀rọ̀ iná pupa yẹn, ẹ múra ìdáhùn sílẹ̀.

Mo lè wá sí Kétu lọ́jọ́ Sátidé tí lẹ́tà bá ti dé ọwọ́ ẹ̀, owó ọkọ̀ nìkan lẹ máa san fún mi. Kí wọ́n má yọ nǹkan kan kí n tó dé. Tí mẹkáníìkì yín bá ti tú u kẹ́ ẹ tó rí ìdáhùn yìí, ẹ gba coussinet àti filtre ọ́ìlì lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó sọ wọ́n nù, ẹ fi bébà wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ sára bébà pé bielle kìíní, ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin.